Ọta tí ẹ bá rí lóko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọ̀ ọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí oníwèé ìròyìn, ìyàwó mi ló ní kí n yé fi ọ̀rọ̀ ọta ìbọn kún òun létí, kí n lọ sọ ọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ gbọ́, ìyẹn ni mo ṣe jókòó lónìí tí mò ń tẹ èyí lórí fóònù, ibi tí àṣìṣe bá wà ẹ bá mi tún un ṣe.

Ohun tó fà á ni pé àbúrò mi kan, ọmọ bàbá mi kékeré, tó ń dáko lẹ́yìn Ìgbájọ, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Kiní kan báyìí, ó funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, orí ẹ̀ rí róbótó, ìdí ẹ̀ lu, erùpẹ̀ wà nínú ihò ìdí yẹn. Ó ní ọkọ́ ló gbé e jáde níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ni àbí kí n jù ú nù? Ẹnì kan ní òun á gbà á ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo fẹ́ fi ìṣó họ erùpẹ̀ inú ẹ̀ kúrò kó lè mọ́." Mo pè é lójú ẹsẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ni níbí, mi ò tíì fọ eyín. Mo ní má họ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, ju ìṣó yẹn sílẹ̀.

Màá sọ ìdí ẹ̀ fún yín tó bá yá.

Èmi, Kent ni mò ń gbé, ìsàlẹ̀ England lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Sátidé tí mi ò bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé ẹ̀rọ kan tó ń wá irin nílẹ̀ lọ sí oko òyìnbó kan tó fún mi láyè, ẹ̀rọ náà dà bí ọ̀pá tí wọ́n so àwo mọ́ nídìí, tó bá ti gbóòórùn irin á máa ké wíì-wíì sí mi létí, màá wá fi ṣọ́bìrì kékeré wú ibẹ̀, tí mo bá ti mú ohun tó wà níbẹ̀ màá dí ihò náà padà. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní dádì ń wá góòlù. Góòlù kọ́ o! Bọ́tìnnì ni, owó bàbà ni, ìdérí ìgò ọtí ni, àti ọta. Ọta pọ̀ níbẹ̀ ju òkúta lọ. Ojú ọ̀run Kent yìí náà ni àwọn ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ti wọ̀yá ìjà ní 1940, Spitfire, ọkọ̀ òfurufú ìjà ti Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, máa ń gbé ìbọn mẹ́jọ, ìbọn kọ̀ọ̀kan ń yin ọta tó ju 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan péré, èèpo àwọn ọta yẹn, ìyẹn idẹ tó máa ń gbé ẹ̀tù àti orí ọta dání, ló ń rọ̀ sóko olóko bí èèpo ẹ̀pà lábẹ́ àga ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ lójú mi. Ọta ni ọta. Bàbá òyìnbó kan tó ti ń ṣe é tipẹ́ ló mú mi jókòó lórí búútù mọ́tò ẹ̀, ó ní wọ̀n ọ́n ná kó o tó máa sọ ohun tó jẹ́. Láti ìgbà yẹn mi ò kì í jáde láì mú kálípà dání, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wọn bẹ́árìnnì, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré bíi ti àwọn tó ń ta góòlù. Ìbú ẹ̀ mélòó, ìwọ̀n ẹ̀ mélòó, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí irọ́ tán. Tó bá jẹ́ ọta róbótó ti ayé àtijọ́, òjé ni wọ́n fi ṣe é, òjé sì wúwo jọjọ, èyí tí ìbú ẹ̀ bá tó mílímítà 17.5 gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 32 tàbí kó sún mọ́ ọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé ti Brown Bess ni, ìbọn gígùn tí sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì gbé fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún títí di nǹkan bíi 1840. Ẹnu ìbọn yẹn fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 19, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọta kéré sí i ni, torí ẹ̀tù máa ń di ẹ̀gbin mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, tí ọta bá fún mọ́ ọn kò ní tètè wọlé, kí sọ́jà tó rí i tì wọlé ọ̀tá á ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Èyí tó bá kéré sí ìyẹn dáadáa, bíi mílímítà 12 tàbí 14, ìbọn ẹlẹ́ṣin tàbí ìbọn ìléwọ́ ló máa ń jẹ́. Èyí tó bá tóbi ṣùgbọ́n tí kò wúwo, kì í ṣe òjé rárá, mo ti gbé irin róbótó ara ẹ̀rọ oko wálé rí tí mo pè é ní ọta ogun, mo ti ń sọ ìtàn ẹ̀ fún àlejò kó tó di pé mo wọ̀n ọ́n.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ọta tó ní ojú eyín lára. Ẹ ó rí i tó rí wágunwàgun, gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti dì í mú. Àwọn èèyàn á ní sọ́jà tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ láìsí oògùn oorun ni wọ́n fi sí lẹ́nu kó máa gé e jẹ. Ó ń dunni gbọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ojú eyín yẹn dáadáa, eyín ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń tú oko, ó rí kiní róbótó, ó rò pé èso ni.

Ọ̀rọ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọlà fún ọta. Ṣé ẹ rí ilà ojú, tí bàbá wa bá rí ẹni tó kọ àbàjà tàbí pélé, kò ní bi í léèrè ìlú ẹ̀ kó tó mọ ibi tó ti wá? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Inú ọ̀pá ìbọn ayé àtijọ́ máa ń dán, ọta kàn ń yí jáde ni. Nígbà tó yá wọ́n ń gbẹ́ ojú ọ̀nà tó ń lọ́ sínú ọ̀pá náà kí ọta lè máa pòòyì bó ṣe ń lọ, kó má ṣìnà, ojú ọ̀nà yẹn ló ń gé ara ọta bó ṣe ń kọjá, ilà yẹn ò sì ní kúrò lára ẹ̀ títí ayé. Ọta tí ìbọn Lee-Enfield ti sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì bá yìn máa ń ní ilà márùn-ún tó dà sí apá òsì. Ti Mauser àwọn Jámánì, ilà mẹ́rin ni, apá ọ̀tún ló dà sí. Ẹ fi omi lásán ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ẹ gbé e sẹ́bàá wíńdò, ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ní òòfà nílé ẹ tún fi kàn án, ọta Jámánì ìgbà ogun àgbáyé kìíní, irin ló wà nínú ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un, òòfà á gbé e, ti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì kò ní dá a lóhùn. Ìbú wọn náà yàtọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ò pé mílímítà 8, ti Jámánì lé ní 8 díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni kálípà wà fún.

Èyí tí kò bá wá ní ilà kankan, tí ara ẹ̀ ṣì rí bó ṣe jáde nínú mọ́ọ̀dù, ẹ má rò pé kò wúlò o. Ìyẹn já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ni kó tó yìn ín. Ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ibẹ̀ ni ẹni tó ni ìbọn dúró sí. Èyí tó ní ilà ní tiẹ̀, ibi tó kọjú ìbọn sí ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìyá àgbà wa, ìyẹn ìyá bàbá mi, ní kiní kan tó fi ń gbé aṣáà, idẹ gígùn tó tó ìka, ó fi igi kékeré dí ẹnu ẹ̀. Bàbá àgbà ló fún un nígbà tó ti ogun Hítílà dé. Bàbá máa ń sọ pé òun dé Bọ́mà, àwọn kan lágboolé á ní irọ́ ni, wọ́n ní kò kúrò ní Kàdúná, pé kúùkù ni wọ́n gbà á sí. Ìyá àgbà kú, idẹ yẹn dọ́wọ́ mi, ó wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo wá mọ ìdí ọta kà ni mo yí i padà, àṣé èèpo ọta ni. Lẹ́tà K àti F, ọfà kékeré láàrín wọn, 43, àti VII. Ọfà yẹn ni àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. VII ni irú ọta .303, ti ìbọn Lee-Enfield, tí wọ́n gbà wọlé ní 1910, tí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. 43 ni ọdún tí wọ́n ṣe é. KF wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ọta tó wà ní Kirkee, lẹ́bàá Poona ní Íńdíà. Íńdíà ni wọ́n sì kó àwọn sọ́jà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ní 1943 kí wọ́n tó wọ Bọ́mà, àwọn dífíṣọ̀n 81 tí wọ́n rin ìrìn àfonífojì Kaladan. Mo mọ̀ pé wọ́n lè kó ọta lọ síbi tó bá wù wọ́n, mi ò sọ pé kóòtù á gbà á, àmọ́ mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu aṣáà ni ẹ̀rí bàbá wà láti ọjọ́ yìí.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí, ẹ dákun. Orí ọta tó jẹ́ òjé lásán, tí kò sí èèpo mọ́ ọn, kò lè bú gbàmù. Èèpo nìkan tí ẹnu ẹ̀ ṣófo, tí abẹ́rẹ́ ìbọn sì ti gún ìdí ẹ̀ tó ti bú, náà kò lè ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n tí orí bá ṣì wà lẹ́nu èèpo, ọta odindi nìyẹn, ẹ̀tù wà nínú ẹ̀, ìbáà pé 100 ọdún nílẹ̀ ẹ má gbójú lé e pé ó ti kú. Ká tiẹ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún ìdí ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó kọ̀ ni kò bú lọ́jọ́ náà. Mo ti ya wèrè rí, mo kó ọ̀kan wálé mo fi sínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì, ìyàwó mi ló rí i, a pe ọlọ́pàá, wọ́n wá gbé e, wọ́n sì jẹ́ kó yé mi pé òfin ìbọn ti 1968 kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọta odindi nílé. Èyí tó bá nípọn ju àtàǹpàkò yín lọ, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ọta mílímítà 20 ti ọkọ̀ òfurufú máa ń ní ohun abúgbàmù nínú orí fúnra ẹ̀. Ẹ fi igi sàmì síbẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò, ẹ pe ọlọ́pàá. Òjé náà májèlé ni o, ẹ fọ ọwọ́, ẹ má fún ọmọ ṣeré, ẹ má yọ́ ọ nínú ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se nǹkan. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ̀wé sí mi pé kí n fi mẹ́ta ránṣẹ́ kí òun fi ṣe àyẹta. Mo ní ọ̀gá, ọta yìí ti pàdánù ẹni tí wọ́n yìn ín sí lẹ́ẹ̀kan ni, kì í ṣe pé ó mọ oògùn.

Funfun tó bo ara òjé yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ tí òjé ń hù lábẹ́ ilẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi hù ú, òun ló ń dáàbò bo ara inú. Tẹ́ ẹ bá fi burọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́, ẹ ti fọ ilà ojú ẹ̀ kúrò nìyẹn.

Ohun tó tún ju ilà lọ ni ibi tó sùn sí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń pè ní Little Bighorn, ọ̀gágun Custer àti gbogbo sọ́jà tó wà pẹ̀lú ẹ̀, bí igba èèyàn ó lé díẹ̀, kú sọ́wọ́ àwọn Lakota àti Cheyenne, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1876. Kò sẹ́ni tó kù nínú àwọn sọ́jà yẹn tó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣẹ́gun sọ tiwọn, òyìnbó ò kà á sí. Ní 1983 iná jó gbogbo koríko orí ilẹ̀ yẹn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e àwọn awalẹ̀pìtàn kó àwọn tó ní ẹ̀rọ bíi tèmi wọ ibẹ̀, wọ́n tò bí ẹni tó ń ro oko, gbogbo ibi tí ẹ̀rọ bá ti ké wọ́n á ki àsíá kékeré mọ́lẹ̀, wọn ò gbé nǹkan kan títí wọ́n fi ya gbogbo ẹ̀ sínú máàpù. Wọ́n wá wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún ìdí èèpo kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ìbọn méjì kì í gún bákan náà, bí ìtẹ̀ka ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ìbọn kan ṣoṣo láti ibí dé ọ̀hún, bí ẹni tó gbé e ṣe ń sáré, ibi tó dúró, ibi tó tún ti yìn ín. Èèpo ìbọn ayìnléraléra ti àwọn jagunjagun Lakota àti Cheyenne pọ̀ nílẹ̀, ó sì wá hàn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ yìí kì í ṣe àròbá. Ká ní àwọn tó ń ta ẹrù àtijọ́ ti kó wọn lọ tán, kí ni wọn ì bá kà?

Níbí náà, ojú ogun Bosworth ti 1485 tí ọba Richard kẹta kú sí, orí òkè kan ni wọ́n ń mú àlejò lọ wò tipẹ́tipẹ́, ẹ̀rọ ló hú ọta òjé jáde ní ibòmíì tó jìnnà sí òkè náà bíi kìlómítà mẹ́ta, ìgbà yẹn ni gbogbo wọn gbà pé ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń júwe láti ọjọ́ yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìgbájọ. Àbúrò mi ò ní kálípà. Mo ní kó ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kó wé e mọ́ ara kiní yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó sàmì síbi tí bébà ti pàdé, kó wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ní mílímítà 46. Ẹ pín in pẹ̀lú 3.14, ó jẹ́ nǹkan bí 14.6. Nígbà tó lọ sí Òṣogbo ó ní kí alágbẹ̀dẹ góòlù kan bá òun gbé e lé òṣùwọ̀n, gíráàmù 30 àti díẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Ọta Snider nìyẹn! Mílímítà 14.5 àti gíráàmù 31 ni wọ́n ṣe é nígbà tó wà ní tuntun. Erùpẹ̀ tó fẹ́ fi ìṣó họ kúrò yẹn, kì í ṣe erùpẹ̀ oko, amọ̀ sísun ni, àwọn tó ṣe ọta ló fi dí ihò ìdí ẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí ẹ̀tù bá gbiná amọ̀ á ti ìdí òjé náà fẹ̀, á wá gbá mọ́ ojú ilà inú ìbọn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń rí kiri ayé ni amọ̀ yẹn ti jábọ́ lára wọn.

Snider ni ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní 1866, wọ́n gé ìdí àwọn ìbọn Enfield tí wọ́n ń ki láti ẹnu, wọ́n fi ìdérí sí i kí wọ́n lè máa ki í láti ìdí. Ní 1871 wọ́n ti gba Martini-Henry dípò ẹ̀, ni Snider bá di ohun tí wọ́n ń tà kiri. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó dáwó jọ, wọ́n ń fi ìbọn tó ń gba ọta láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn wọn. Òkè Ìgbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí, ibẹ̀ ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885, ọ̀dọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtì Parapọ̀ wà lódì kejì. Ọta àbúrò mi ní ilà mẹ́ta. Snider gígùn ló ń kọ ilà mẹ́ta, ti kúkúrú máa ń kọ márùn-ún. Wọ́n yìn ín ni, kì í ṣe pé ó já bọ́. Ta ló yìn ín? Èmi ò ní pa irọ́ fún yín, ọta kan ò tó, Ìbàdàn náà ò ká ọwọ́ gbera nígbà tó yá, ọlọ́pàá àwọn aláwọ̀ funfun náà gbé Snider, ọdẹ pàápàá lè ti yìn ín sí ẹran. Ṣùgbọ́n tí ogún bá jáde, tí a mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan sùn sí, tí àwọn tó ní ilà wà níhà kan, àwọn tí kò ní wà níhà kejì, pẹ̀lú ọta róbótó ti ṣakabùlà láàrín wọn, a lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí ibi tí ìlà ogun gbà.

Ìyẹn ló ń dùn mí, Olóòtú. Ogun tó jẹ́ pé ìró ìbọn ló fún un lórúkọ, ọta ẹ̀ làwọn oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń rà ní kílò. Àwọn apẹja ń yọ́ ọ ṣe òjé àwọ̀n. Mo tún ti ń rí fọ́tò àwọn ọ̀dọ́ tó ra ẹ̀rọ bíi tèmi, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri wọ́n ní àwọn ń wá góòlù, mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń wá owó, nǹkan le, àmọ́ òfin tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Èyí tí ọkọ́ àgbẹ̀ bá gbé jáde fúnra ẹ̀ ni mò ń sọ ní tèmi. Ẹ bá mi fi síwèé ìròyìn, kó hàn gàdàgbà, pé àgbẹ̀ tó bá rí i kó ya fọ́tò ẹ̀ nílẹ̀ ibẹ̀ kó tó gbé e, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sórí bébà, fóònù yín fúnra ẹ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sọ fún yín, kó wá fi ọta àti bébà sínú agolo kan náà. Ẹ tún bá mi bẹ àwọn olùkọ́ ìtàn ní àwọn yunifásítì tó yí ibẹ̀ ká, kí ẹnì kan nínú wọn dákun gba agolo yẹn lọ́wọ́ wọn.

Àná ni àbúrò mi tún pè mí. Ó ní èkejì ti jáde, ebè mọ́kànlá sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, níhà odò. Ó ní kò ní ilà, òun ò sì tíì fọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìgbájọ kan ní Kent